Dókítà Ẹ-Má-Ra-Á

Bí ẹ bá bi Ìyá Oníbàtà léèrè ọjọ́ tó kọ́kọ́ mọ̀ pé aládùúgbò òun kì í ṣe èèyàn kan ṣáá, kò ní ronú kó tó dá yín lóhùn. Ọjọ́ tí aládùúgbò náà, tó ti di olóògbé báyìí, bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ìyàwó ọ̀ṣìngín ni, tí kò fọwọ́ kan bàtà, tí kò sì fojú rí ìyàwó.

Ọmọge náà ti ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà funfun kan. Ó ti rìn dé iwájú dígí, ó ti yí sọ́tùn-ún, ó ti yí sósì, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Oníbàtà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé níbi ẹ̀rín yẹn lọjà ti parí. Ìyá Oníbàtà ti ń nawọ́ sí páálí tí yóò dì í sí nígbà tí ohùn kan bú jáde láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ẹ má ra á! Mo ní ẹ má ra á! Ṣé ẹ fẹ́ bà á jẹ́ pátápátá ni?"

Ní tòótọ́, olówó ajá kan ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú ajá rẹ̀ tó wú, dókítà ẹranko tó wà ní yàrá kejì sì ń bá a wí. Àmọ́ ògiri pákó ló là wọ́n láàárín, pákó kì í sì í jẹ́ kí àmì ohùn kọjá bó ṣe yẹ. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ìsọ̀ bàtà, "ra" ti di "rà".

Ọmọge náà yọ ẹsẹ̀. "Mà, ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Má dá a lóhùn, ọmọ mi. Dókítà ajá ni."

"Háà! Dókítà ajá pàápàá mọ̀ pé bàtà yìí ò dáa?" Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Ìyá Oníbàtà fún ìró rẹ̀ le, ó kọjá sí ẹnu ọ̀nà kejì. Ó ti to èébú sẹ́nu ní ìpele-ìpele. Nígbà tó wọlé, ó bá ọkùnrin gíga kan tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ọ̀nà, awò ojú kan wà lórí imú rẹ̀, òmíràn wà níwájú orí, imú rẹ̀ àti imú ajá pupa kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Olówó ajá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò dáa.

"Dókítà! Kí ni bàtà mi fi ṣe yín?"

Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. "Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Ẹ bá mi di ìrù rẹ̀ mú."

Bí Ìyá Oníbàtà, tó wá jà, ṣe bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn, tó di ìrù ajá tí kò mọ̀ rí mú, tó ń sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, ó máa tó tán."

Ìtàn yẹn ló sọ ọkùnrin náà ní Dókítà Ẹ-Má-Ra-Á ní gbogbo àdúgbò. Kò bínú sí i. Ó ní orúkọ tó ní ìmọ̀ràn nínú sàn ju orúkọ tó ní oyè nínú.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Oníbàtà padà lọ, sùúrù ló mú lọ lọ́tẹ̀ yìí. "Dókítà, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣiṣẹ́ yín. Ẹ ṣáà bá mi wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ máa sọ pé, 'Ẹ má fọwọ́ kàn án.'"

"Wọn kì í fọwọ́ kàn án, Ìyá. Wọ́n ń ra á ni. Ẹni tó ń jalè, ṣé a máa ń sọ fún un pé kó yéé ṣeré ni?"

"Ẹ wá máa sọ pé, 'Ẹ má nù ún.'"

"Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń nù ún ni, ǹ bá máa dúpẹ́."

Ìyàwó Dókítà, tó máa ń jókòó sídìí tábìlì àlejò, ló là wọ́n. Ó ní kí ọkọ òun máa sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀." Dókítà gbà, àmọ́ bí ẹni tó gbà kí wọ́n yọ eyín òun ni.

Inú Ìyá Oníbàtà dùn dé ọ̀sán ọjọ́ kejì. Lọ́sàn-án náà, bàbá àgbàlagbà kan gbé sálúbàtà aláwọ kan lọ́wọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìfẹ́, ni ògiri bá ké: "Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ fi í sílẹ̀ kíá, ọwọ́ yín á kó kòkòrò ràn án!" Bàbá náà ju sálúbàtà nù bí ẹni tó gbá iná mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí omi wà.

Ìyá Oníbàtà fúnra rẹ̀ ló lọ kan ògiri. "Dókítà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí 'Ẹ má ra á.' Ti àkọ́kọ́ sàn!"

Ká sòótọ́, ojú ni Dókítà fẹ́ràn. Ó ń wo ẹsẹ̀ tó kán, ó ń wo inú tó ń run, ó ń wo etí tó ń rà. Àmọ́ bí ajá tàbí ológbò kan bá gbé ojú tó ń dùn ún wọlé, ńṣe ni ara rẹ̀ máa ń yá gágá bí ọmọ tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ láti ìrìn àjò. Ẹranko ló sì máa ń kọ́kọ́ kí, kó tó kí ẹni tó mú un wá. "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá. Kí ló ṣe yín lójú?" Bẹ́ẹ̀ ni, "ẹ" ló fi ń bá ajá sọ̀rọ̀. Ó ní ajá tó ń ṣàìsàn, àgbà ni, nítorí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan.

Bí olówó ajá bá lanu láti dáhùn, Dókítà á na ìka kan sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo bi."

Ìyàwó rẹ̀ á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ láti ìdí tábìlì pé, "Ẹ má bínú. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ẹ káàbọ̀."

Díẹ̀díẹ̀, ògiri pákó di rédíò fún Ìyá Oníbàtà. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní ibẹ̀ ló tutù. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ ọjọ́ tí Dókítà bá òwe jà. Awakọ̀ akẹ́rù kan ló mú ajá ńlá kan wá, irú èyí tí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí àpò tó ya, tí pupa inú rẹ̀ sì hàn síta.

"Dókítà, ẹ bá mi gba ajá yìí, ó ti sú mi," awakọ̀ wí. "Ojoojúmọ́ lepin ń dí i lójú. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: ojú tí yóò báni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin."

Ìyá Oníbàtà dá búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń dán bàtà dúró.

"Ta ló pa òwe yẹn?" Dókítà béèrè.

"Àwọn àgbà ni, sà."

"Àgbà wo? Ó gbé ojú náà lọ síbì kan kí wọ́n bá a wò ó?"

"Dókítà, òwe mà ni!"

"Mo mọ̀ pé òwe ni. Mò ń béèrè ohun tó ṣe ojú ẹni tó pa á ni." Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ìpéǹpéjú tó rọ̀ sílẹ̀ ti di ibi tí eruku ń sùn sí, kó máa fi omi iyọ̀ tí wọ́n sè tó ti tutù fọ̀ ọ́, kó máa fi ìpara tí òun máa fún un sí i, àti pé bó bá yá, òun á fa ìpéǹpéjú náà sókè, òun á rán an. "Ojú tó bá tàárọ̀ ṣepin, ẹ gbé e wá láàárọ̀! Á báni kalẹ́, á tún báni di ọjọ́ mìíràn."

Bó sì ṣe rí nìyẹn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, kò sígbà tí akẹ́rù yẹn máa kọjá tí kò ní fun fèrè, ajá á yọ orí lójú fèrèsé, ojú rẹ̀ á mọ́ kedere bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́jú. Ìyàwó Dókítà máa ń sọ pé ọkọ òun nìkan lòun mọ̀ tó bá òwe ja ìjà, tó sì fẹ̀yìn òwe balẹ̀.

Ti bárébà, onígbàjámọ̀ àdúgbò, le ju ti òwe lọ. Ajá kékeré ni bárébà mú wá. Ẹran pupa róbótó kan ti yọ ní igun ojú rẹ̀ bí èso kékeré tó pọ́n. Bárébà ò wá gba ìwòsàn, ó wá gba àṣẹ ni.

"Dókítà, ẹ kàn sọ pé kí n ṣe é. Kí ni mo fi ń jẹun? Abẹ ni. Mo ti pọn ọ́n sílẹ̀. Fín ló máa jẹ́, kókó á ti bọ́."

"Kì í ṣe kókó. Ara ohun tó ń sun omi sí ojú ni. Ó yẹ kó wà nínú, ó kàn yọ síta ni. Bí ẹ bá gé e, ojú á gbẹ bí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni yóò sì máa ta á."

"Ohun tó bá yọ síta, gígé là ń gé e."

Ìyá Oníbàtà gbọ́ tí àga dún gììrì. Ó tètè yọjú lẹ́nu ọ̀nà kó má bàa pàdánù rẹ̀. Dókítà ti jókòó sórí àga, ó ti fi aṣọ ìnuwọ́ bo àyà bí ẹni tó wá gẹrun, ó sì gbé àgbọ̀n sókè. "Ó dáa. Ẹ mú abẹ yín wá. Imú tèmi náà yọ síta, ẹ tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Bárébà wo imú náà, tó gùn lóòótọ́. Ó wo ajá rẹ̀. Ó ti abẹ padà sápò. Dókítà tẹ ẹran pupa náà padà sáyè rẹ̀, ó fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ dè é mọ́bẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀fẹ́ ni bárébà ń gẹrun fún un, àmọ́ ó sọ pé nígbàkigbà tóun bá dé ibi imú, òun máa ń ti abẹ sápò ná.

Ẹ̀rín ni gbogbo èyí jẹ́ fún Ìyá Oníbàtà títí ó fi kan Ìyáalé. Ìyáalé ni ológbò ìsọ̀ rẹ̀. Ó dúdú, ó sanra, orí páálí tó ga jù lọ ló ń jókòó sí, bí ẹni tó ni ilé. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ó máa ń ṣẹ́jú sí oníbàárà. Ojú òsì rẹ̀ á dì, á là díẹ̀, á tún dì. Ìyá Oníbàtà ti sọ ọ́ di ìpolówó ọjà. "Ẹ rí i bó ṣe ṣẹ́jú sí yín? Ó ní bàtà yẹn bá yín mu!"

Dókítà yà síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ẹ káàsán, Ìyáalé," ó wí, ó wò ó pẹ́. Ó wá yíjú sí olówó rẹ̀. "Ìyá, ológbò yín ò ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni. Ara ń ta á ni. Ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ló ká sínú, irun ara rẹ̀ sì ń ha ẹyinjú. Ẹ wo búrọ́ọ̀ṣì bàtà ọwọ́ yín yẹn, kẹ́ ẹ máa fi fọ ojú látàárọ̀ dalẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Oníbàtà wọra. Oníbàárà wà ní ìsọ̀, wọ́n sì gbọ́. "Dókítà, ẹ ti lé oníbàárà mi. Ológbò mi ló wá kù báyìí?"

Kò gbé e lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó rántí ìgò oògùn kékeré kan tí wọ́n fún un nígbà tí ojú tirẹ̀ ń pọ́n, tó ti wà lẹ́yìn dígí látìgbà yẹn. Ojú ni ojú ń jẹ́, ó wí nínú ara rẹ̀, ó sì kán an sí Ìyáalé lójú. Lákọ̀ọ́kọ́, pípọ́n náà rọlẹ̀. Ìyá Oníbàtà ń kọrin. Ó fẹ́ lọ fi ojú náà han Dókítà kó lè rí i pé orí wà lọ́rùn àwọn ẹlòmíràn náà.

Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyáalé ò gun páálí. Abẹ́ àga ló wà, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tí Ìyá Oníbàtà fà á jáde, ojú òsì náà ti di bàìbàì, ó funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ife wàrà.

Gèlè orí rẹ̀ ló fi wé ológbò náà. Kò mọ bóun ṣe dé ẹnu ọ̀nà kejì.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáalé," Dókítà wí, jẹ́jẹ́. Ó wá gbójú sókè. "Kí lẹ fi sí i?"

Ìyá Oníbàtà ṣí àtẹ́lẹwọ́, ìgò náà wà níbẹ̀. Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì fà sẹ́yìn. Ìyàwó Dókítà di ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ti rí bí ọkùnrin yìí ṣe jágbe mọ́ àwọn èèyàn nítorí itọ́ lásán tí wọ́n fi nu ojú ẹran wọn.

Dókítà ka ara ìgò náà, ó rọra gbé e kalẹ̀. Ó kán omi aláwọ̀ ọsàn kan sí ojú ológbò, ó pa iná yàrá, ó tan tọ́ọ̀ṣì oníbúlúù. Nínú òkùnkùn yẹn, ibì kan tàn yanran lórí ẹyinjú Ìyáalé, ó jọ ewé tútù.

"Ibi tó ń tàn yẹn ni ọgbẹ́, Ìyá. Irú oògùn yìí dára fún ojú tó kàn pọ́n. Bó bá bá ọgbẹ́ níbẹ̀, kì í jẹ́ kó jinná. Ńṣe ni ọgbẹ́ á máa jẹ wọlé."

"Èmi ni mo fọ́ ọ lójú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ́ ọ lójú!"

Iná tàn. Dókítà ò jágbe. "Kò tíì fọ́. Omi ojú tí a máa wá nǹkan ṣe sí nínú yàrá yìí ti pọ̀ tó, ẹ má fi tiyín kún un."

Ẹkún ò gbọ́. Ìyá Oníbàtà káwọ́ sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á kíkankíkan. Dókítà lanu, àmọ́ kí ohùn tó jáde, gbogbo bẹ́ǹṣì ti pa ẹnu pọ̀: "Ẹ má ra á!"

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e le. Dókítà ò ṣèlérí. Ó ní bí ọgbẹ́ náà bá lu inú já, ojú yẹn ti lọ nìyẹn, àmọ́ òun á ṣiṣẹ́. Ìyáalé ń sùn ní yàrá Dókítà, ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ ń pín oògùn kíkán ṣe, bí ọ̀kan bá kán an tán, èkejì á gbà á. Ìyá Oníbàtà ló ń di orí rẹ̀ mú. Kò ta bàtà dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ẹnì kan bá béèrè dúdú, pupa ló ń gbé fún un. Níkẹyìn, Dókítà pa iná, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ojú náà ò tàn mọ́. Àpá funfun kékeré bí èérún iyọ̀ ló kù níbẹ̀. Ìyá Oníbàtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Dókítà wá fún ológbò náà ní abẹ́rẹ́ oorun, ó gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ ojú rẹ̀, ó sì rán an kí ìpéǹpéjú lè yí síta. Ohun tó kù ni bí Ìyáalé ò ṣe ní fi èékánná tú òwú náà. Dókítà ti ń gbìyànjú nǹkan tipẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti gé ìdí korobá bọ ajá lọ́rùn. Ó ti lo abọ́ ọlọ́rá. Ó tiẹ̀ ti tú ìbòrí àtùpà yàrá wọn, ìyàwó rẹ̀ sì ti pàdé ajá kan tó gbé e kọ́rùn kọjá nígboro. "Mo kí i," obìnrin náà wí. "Àtùpà mi ni, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n."

Dókítà wo yíká ìsọ̀ bàtà, ojú rẹ̀ bọ́ sórí páálí. "Ìyá! Páálí!" Ó gé ọ̀kan róbótó, ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ sí etí rẹ̀, ó ká a mọ́ Ìyáalé lọ́rùn. Ológbò náà padà sórí ìtẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọlá ńlá, ohun tí wọ́n tẹ̀ sára páálí sì yí i lọ́rùn ká gàdàgbà: BÀTÀ AWỌ, TI ỌKÙNRIN.

Oníbàárà kan kà á, ó wo ológbò náà tìyanu-tìyanu. "Ṣé ẹ ní ti obìnrin?"

Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹran tó máa kúrò ní yàrá Dókítà láìsí páálí Ìyá Oníbàtà lọ́rùn. Ìpolówó bàtà rẹ̀ ń gba ojú pópó lọ, ajá ńlá ń gbé e, ajá kékeré ń gbé e, ọjà sì ń yá. Dókítà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ rí i, Ìyá? Mi ò lé oníbàárà yín rí. Mo kàn ní kí wọ́n lọ múra wá ni."

Gbogbo ojú kọ́ ló rí ọ̀nà. Bàbá Aránṣọ ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń gbé pẹ̀lú ajá arúgbó kan tó ń jẹ́ Adúrótini. Nígbà tó fi mú un wá, ẹyinjú ajá náà méjèèjì ti wú, ó ti le koránkorán. Ìyá Oníbàtà wà níbi ògiri. Ó retí pé Dókítà á jágbe. Àmọ́ jẹ́jẹ́ ni ohùn rẹ̀ jáde.

"Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín, Bàbá," ó wí. "Omi inú ojú ló pọ̀ jù tó ń tẹ̀ ẹ́ láti inú. Ìmọ́lẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Mo lè mú ìrora kúrò. Mi ò lè mú ìríran padà."

"Mo rò pé ó ń dàgbà ni. Ó ń kọ lu nǹkan, mo ní àgbà ló dé."

"Ó fi pamọ́ fún yín ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Kò jẹun mọ́. Igun yàrá kan ló wà. Ilé tó gbé dàgbà, kò mọ̀ ọ́n mọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, Dókítà kanlẹ̀kùn ilé Ìyá Oníbàtà, ó ní kó bá òun wá àwọn sálúbàtà fóòmù tí kò tà. Wọ́n jọ lọ sílé Bàbá Aránṣọ. Yàrá náà kún: tábìlì ìgéṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ irin, àpótí, àga, ibùsùn. Adúrótini ká jọ sí igun kan. Dókítà kí i, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ méjèèjì fún Ìyá Oníbàtà, ó fi áńkáṣíìfù di ojú ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rá lórí orúnkún àti ọwọ́.

"Dókítà, kí lẹ̀ ń ṣe?" Bàbá Aránṣọ béèrè.

"Mò ń wá ọ̀nà." Gbì! Iwájú orí rẹ̀ ti kan ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. "Ẹ fi fóòmù di ibí yìí." Ó rá síwájú. "Àga yìí ò lè wà níbí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ibo ni àwo oúnjẹ rẹ̀ wà? Ó dáa. Kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láé." Ìyá Oníbàtà ń gé fóòmù, Bàbá Aránṣọ ń ti àpótí, Dókítà ń rá lọ, ó ń rá bọ̀, kókó ń yọ níwájú orí rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wà tí ọmọbìnrin Bàbá Aránṣọ fi gbé oúnjẹ wọlé. Ó bá ọkùnrin gíga kan lórí ìkúnlẹ̀, tó wọ táì, tó di ojú, tí ajá sì na ọrùn láti igun rẹ̀, tó ń gbóòórùn etí rẹ̀.

"Ẹ dákun," ó wí, "èwo nínú àwọn méjèèjì ni kò ríran?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Bàbá Aránṣọ, ẹ̀rín tó ti pẹ́ tó ti jáde kẹ́yìn, ó gbá tábìlì mú. Ajá náà gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó tún gbé òmíràn, ó ń lọ sọ́dọ̀ ohùn olówó rẹ̀.

Dókítà ò kúrò níbi tó wà. "Ṣé ó ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀," Ìyá Oníbàtà wí.

"Ṣé ó kan nǹkan?"

"Kò kan nǹkan kan."

Dókítà jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ibùsùn. Ó pẹ́ kó tó tú áńkáṣíìfù náà. Ìyá Oníbàtà, tí awò ojú méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, rí i pé aṣọ náà ti rin níbi ojú méjèèjì. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkàn ló ṣe Dókítà ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan tó ń tọ́jú rẹ̀ wọlé, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àìsàn náà fún un. Ìka kan yọ sókè láti orí ibùsùn.

"Ọ̀gá mi, èmi lara mi ò yá. Ajá pàápàá, mo máa ń kí i kí n tó kí olówó rẹ̀."

Ojú ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó tẹrí ba, ó kí i dáadáa. Ìyàwó Dókítà rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú," ó wí. "Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ẹ ṣeun."

Dókítà sùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn tó mu tíì rẹ̀ tán, kò jí mọ́. Nígbà tí ìròyìn jáde, yàrá rẹ̀ kún. Awakọ̀ dé, bárébà dé, àwọn mìíràn mú ajá wá, wọ́n ní àwọn ò mọ ìdí tí àwọn fi mú un wá. Bárébà sọ ọ̀rọ̀ imú, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí kan opó. Bárébà fúnra rẹ̀ ni kò lè parí rẹ̀. Ó dé ibi tí Dókítà gbé àgbọ̀n sókè, ó jáde lọ síta.

Bàbá Aránṣọ kì í lè rìn jìnnà mọ́. Ìyá Oníbàtà ló lọ sọ fún un. Nígbà tó dé, ó rí àga ńlá olówó iyebíye kan níta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, òjò ti ta sí i.

"Ọmọ mi ló rà á fún mi," Bàbá wí, lẹ́yìn tí wọ́n ti sunkún díẹ̀. "Ó ní kí n fi sinmi. Mo ní kí n fi í síbo? Dókítà ti to ilé."

Ìyá Oníbàtà bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún fi etí ìró nu ojú. Adúrótini gbọ́ ohùn wọn. Ó ti gbó gan-an, eegun rẹ̀ ń dún. Ó dìde ní igun rẹ̀, ó gba àárín tábìlì àti ẹ̀rọ kọjá, ó yà níbi tó yẹ kó yà, ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó gbé àgbọ̀n lé Bàbá lẹ́sẹ̀.

Wọ́n jókòó báyẹn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí Ìyá Oníbàtà dìde láti máa lọ, ó gbé àga tó jókòó lé padà síbi tó ti gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó tún tì í díẹ̀ sí i, títí tó fi kan ògiri.